Wọ́n ba péńtì mọ́tò yín jẹ́ níbi sábíìsì? Ẹ má tíì jáde ní géètì

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá mo gbé Corolla mi lọ fún sábíìsì ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù ńlá kan, àwọn tó ń ta mọ́tò tí wọ́n tún ń tún un ṣe, mi ò ní dárúkọ wọn torí a ti parí ìjà. Ọ́ìlì ni mo fẹ́ pààrọ̀ àti bíréèkì iwájú, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa o, wọ́n wá fọ mọ́tò kún un lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ní ẹ̀bùn kọ́sítọ́mà ni, ẹ̀bùn tí mi ò tọrọ. Ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ gbé e, òjò ti ṣú, omi ṣì wà lára mọ́tò torí náà ó ń dán gbinrin, mo fọwọ́ sí ìwé wọn, mo wà á lọ sílé ní Bàsírí, l'Adó-Èkìtì níbí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí oòrùn là ni mo tó rí nǹkan tí wọ́n ṣe fún mi. Gbogbo ojú bónẹ́ẹ̀tì dà bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi irin fọ̀, ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín tó ń yí po bí òwú aláǹtakùn, tó bá sì di orí fẹ́ńdà òsì, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń bu ọ́ìlì bíréèkì, péńtì ti wú bí awọ ara tí omi gbígbóná dà sí, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

Mọ́tò yẹn, fáàsìtì bọ́dì ni o. Ẹni tó bá ti ra tokunbo rí mọ ìtumọ̀ ẹ̀, péńtì tí wọ́n kùn ún níléeṣẹ́ tó ṣe é ló ṣì wà lára ẹ̀, péńtà kankan ò tíì fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn, "ṣé fáàsìtì bọ́dì ni?", tẹ́ ẹ bá ní rárá, oníbàárà á ti máa fura pé ó ti ní àsídẹ́ǹtì, á sì fà á wálẹ̀. Torí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí, owó ni.

Mo padà síbẹ̀ láàárọ̀ yẹn náà. Ọmọkùnrin tó wà ní káńtà wò ó, ó ní, "Ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe gbé e wá o." Ọ̀sẹ̀ méje gbáko ló gbà mí kí ọ̀rọ̀ yẹn tó yanjú. Wọ́n máa ń sọ pé àwa ará Èkìtì lágídí, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀, ogun Kírìjì tí àwọn baba wa jà, láti 1877 ni, ọdún 1893 ni kálukú tó palẹ̀ mọ́ ní bùdó, ọdún 16. Àmọ́ bónẹ́ẹ̀tì kọ́ ló yẹ kí èèyàn fi irú àgídí bẹ́ẹ̀ jà fún. Ká ní mo ti mọ ohun tí mo mọ̀ báyìí ni, ọ̀sẹ̀ kan ti tó.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe ni màá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ya fídíò. Kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ fóònù, ẹ tan fídíò, kẹ́ ẹ yí mọ́tò yẹn ká. Kò lè gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Láti nọ́ńbà iwájú, ẹ ya bónẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà méjèèjì, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, búùtù, orí mọ́tò (àwọn èèyàn máa ń gbàgbé orí mọ́tò), kẹ́ ẹ wá parí ẹ̀ sórí dáṣíbọ́ọ̀dù kí iye ibi tó ti rìn hàn. Kí ohùn ẹni tó gba mọ́tò wà nínú ẹ̀. Ẹ kàn fi ẹ̀rín bi í pé, "Bọ̀dá, ẹ bá mi wò ó, ṣé kò sí nǹkan lára ẹ̀?" Ó máa dáhùn, ìdáhùn yẹn sì wúlò ju ẹlẹ́rìí mẹ́ta lọ. Tí àpá bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fi hàn án, ẹ má fi pamọ́, tẹ́ ẹ bá ti jẹ́wọ́ èyí tó jẹ́ tiyín wọ́n á gbà yín gbọ́ lórí èyí tó jẹ́ tiwọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni jọ́ọ̀bù káàdì, ìwé tí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí. Wọ́n sábà máa ń ya àwòrán mọ́tò sí i tí wọ́n á máa sàmì sí ibi tó bá ti họ. Ẹ kà á jàre. Èmi ò kà á, àṣé wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó họ káàkiri, torí ẹni tó ń kọ ọ́ ti mọ bí òun ṣe máa dáàbò bo ara ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ ní kó fagi lé e, kó kọ ibi tó họ gan-an. Ẹ tún ní kó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n fọ mọ́tò. Mi ò fi ìyẹn ṣeré. Ilẹ̀ wa níbí, ilẹ̀ pupa ni, eruku tó ń bà lé mọ́tò lójú ọ̀nà Ìwòrókò yẹn, iyanrìn wẹ́wẹ́ ló wà nínú ẹ̀, nígbà ọyẹ́ ó tún wá burú sí i. Tí ọmọ tó ń fọ̀ ọ́ ò bá kọ́kọ́ fi omi rẹpẹtẹ ṣàn án kúrò, tó kan ki fóòmù bọ ọṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, tàbí tí fóòmù já bọ́ sílẹ̀ tó he é tó ń bá iṣẹ́ lọ, sáńpépà ló fi ń wẹ̀ fún mọ́tò yín.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ gbà á padà, ẹ má gbà á nírọ̀lẹ́, ẹ má gbà á nínú òjò, ẹ má sì gbà á pẹ̀lú omi lára. Omi máa ń di àwọn ìlà kéékèèké yẹn, á bò wọ́n mọ́lẹ̀, ó di ìgbà tó bá gbẹ. Ẹ ní kí wọ́n wà á síta sínú oòrùn, kẹ́ ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ tẹ̀ ba díẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bí ẹni ń wo ojú omi, torí téèyàn bá dúró gbagidi síwájú ẹ̀ kò ní rí nǹkan kan. Mọ́tò dúdú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i.

Ká ní ẹ wá rí i, ẹ má pariwo. Mo mọ̀ pé ó ṣòro. Ẹ ya fótò ẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ọ̀kan látòkèèrè tí wọ́kíṣọ́ọ̀bù á hàn lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀kan nítòsí, kẹ́ ẹ fi owó kọ́ìn tàbí bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí ìwọ̀n ẹ̀ hàn. Ẹ ní kí wọ́n pe mánéjà. Kí wọ́n kọ ọ́ sórí jọ́ọ̀bù káàdì kan náà yẹn pé wọ́n rí i lójú wọn. Owó sábíìsì ńkọ́? Ẹ san án. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ sára mọ́tò lẹ́tọ̀ọ́ lábẹ́ òfin láti dì í mú títí wọ́n á fi san owó iṣẹ́ tó ṣe, tẹ́ ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ ìjà owó, ọ̀rọ̀ péńtì á kúrò nílẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa wá di ẹni tó jẹ gbèsè. Ẹ san án, àmọ́ ẹ fi bírò kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé, "Mo sanwó, mo gba mọ́tò pẹ̀lú ìbàjẹ́ ní bónẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà òsì." Kí wọ́n fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ ya fótò ẹ̀.

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù. Ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Ọ̀gá, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a máa fi kọ́ńpáùn rọ́ọ̀bù ẹ̀, á lọ." Ẹ má gbà. Kì í ṣe pé kò lè lọ, ó lè lọ. Péńtì iléeṣẹ́, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, ìpele mẹ́rin ni, èyí tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà nísàlẹ̀, práímà, àwọ̀ fúnra ẹ̀, kí kílíà, èyí tí kò ní àwọ̀ tó ń dán, tó wá wà lókè. Tẹ́ ẹ bá kó wọn jọ, kò sábà ju máíkírọ́ọ̀nù 100 sí 150 lọ (ẹgbẹ̀rún kan máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan), kílíà ibẹ̀ nìkan jẹ́ bíi 40 sí 50, bẹ́ẹ̀ irun orí èèyàn ń lọ sí bíi 70. Kílíà ló ń bá wa gba oòrùn dúró. Gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá fi ẹ̀rọ rọ́ọ̀bù ẹ̀, ńṣe ló ń bó díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe á tẹ ẹ̀rọ mọ́ etí bónẹ́ẹ̀tì títí á fi jó, tàbí kó dán fún oṣù mẹ́fà, tó bá yá oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í bó o bí èèpo ẹ̀pà. Nígbà yẹn ẹ̀rí ti lọ, wọ́n á ní àwọn ti tún un ṣe.

Ẹ̀yin náà lè mọ bó ṣe jinlẹ̀ tó kẹ́ ẹ tó sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ ta omi sí ojú àpá yẹn, tó bá pòórá tó sì padà wá nígbà tó gbẹ, orí kílíà ló wà, ẹni tó mọ pólíìṣì ṣe lè yanjú ẹ̀. Ẹ fi èékánná rìn ín kọjá jẹ́ẹ́jẹ́, tí èékánná bá ń kọ́ ibẹ̀, ó ti wọlé jù, péńtà ló kù. Èyí tí ọ́ìlì bíréèkì bá jẹ, tó wú tàbí tó rọ̀, kò sí pólíìṣì tó lè ràn án, wọ́n máa ha á ni kí wọ́n tún un kùn. (Ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín lẹ́yìn ilé náà, tí ọ́ìlì yẹn bá ta sí péńtì, omi púpọ̀ ni kó tètè dà sí i, kó má fi rágì nù ún káàkiri.) Ẹ wá péńtà méjì tí kò bá wọn ṣiṣẹ́, kí kálukú kọ iye tó máa gbà sílẹ̀. Ìwé méjì yẹn ló máa sọ ọ̀rọ̀ yín di owó tó ṣeé kà.

Nǹkan tó wá kàn ni ẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ yìí sì ni ìṣòro wa níbí. Èmi ti múra ìjà, wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ọmọ tó fọ mọ́tò dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. Wọ́n pe bàbá àgbàlagbà kan jáde láti ẹ̀yìn, bàbá yẹn ní, "Ẹ mọ́ bínú, uṣẹ́ ni." Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn lẹ́nu àgbà tí á tún máa jà? Mo ní ó ti tán, mo lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo pàdánù níbẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí mo bá pè, wọ́n á ní, "Ah, ṣebí ọ̀gá ti dárí jì wá." Ẹ̀bẹ̀ lọ́tọ̀, àtúnṣe lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n tún gbé ẹ̀bẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kejì, mo ní, "Bàbá, ẹ dìde jọ̀ọ́, mo ti dárí jì í pátápátá. Fẹ́ńdà mi ńkọ́?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n tún fẹ́ yọ owó ẹ̀ nínú owó oṣù ọmọ yẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn fa ojú àánú yín. Ẹ sọ fún wọn pé iléeṣẹ́ lẹ bá da òwò pọ̀, ọmọ iṣẹ́ kọ́, ohun tọ́mọ iṣẹ́ bá bà jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ọrùn ọ̀gá ló wà. Bí wọ́n bá ṣe é láàárín ara wọn ò kàn yín.

Òfin wà lẹ́yìn yín níbẹ̀. FCCPA, òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, tí wọ́n buwọ́ lù níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, abala 130 ẹ̀ sọ pé tẹ́ ẹ bá gbé ohun ìní yín fún ẹnikẹ́ni láti ṣiṣẹ́ sára ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dá a padà kó dáa tó bó ṣe wà nígbà tẹ́ ẹ gbé e wá, ó kéré tán. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá owó padà fún yín níwọ̀n tó bá yẹ. Pátákó tí wọ́n máa ń kọ sára ògiri pé ewu mọ́tò wà lọ́rùn ẹni tó ni ín, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Ẹni tó bá ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, òun ló máa ṣàlàyé bí ìbàjẹ́ ṣe dé, kò lè fi àìbìkítà ẹ̀ sábẹ́ pátákó.

Ẹ kọ̀wé. Ìpè orí fóònù ò níye, bí afẹ́fẹ́ ló rí. Èmi fi sórí WhatsApp mánéjà, mo tún fi ránṣẹ́ sí ímeèlì wọn lọ́jọ́ kan náà, ojú ewé kan ni, kò sí èébú kankan níbẹ̀. Mo kọ ọjọ́ tí mo gbé mọ́tò wá àti nọ́ńbà jọ́ọ̀bù káàdì, ohun tó wà lára ẹ̀ nígbà yẹn, ohun tí mo bá lára ẹ̀ nígbà tí mo gbà á, iye tí péńtà méjèèjì kọ, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe, àti pé mò ń retí èsì láàárín ọjọ́ méje. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ kó ṣe pàtó. "Ẹ wá nǹkan ṣe sí i" ò ní kí wọ́n ṣe nǹkan kan.

Ṣé ẹ rántí pé mi ò ní fídíò? Fótò ọmọ mi obìnrin ló gbà mí. Lọ́jọ́ Sunday tó ṣáájú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó fara ti bónẹ́ẹ̀tì yẹn pẹ̀lú aṣọ tuntun, ìyá ẹ̀ yà á. Òjìji ọmọ yẹn hàn lórí bónẹ́ẹ̀tì bí inú dígí, kò sí ìlà kankan. Ọjọ́ tí wọ́n yà á wà nínú fóònù. Mo fi ránṣẹ́, mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ọ̀gá wọn fúnra ẹ̀ ló pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Torí náà kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ ò ní ẹ̀rí, ẹ tú fóònù gbogbo ará ilé wò, ẹ wo sítátọ́ọ̀sì àná.

Tí wọn ò bá dáhùn, tó bá jẹ́ pé wọ́n ń ṣojú fún iléeṣẹ́ ńlá kan tó ń kó mọ́tò wọlé, ẹ kọ̀wé sí oríléeṣẹ́, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tibí. Lẹ́yìn ìyẹn, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin FCCPA yẹn, ń gba ẹ̀sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá lọ Àbújá. Public Complaints Commission, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú, tó ti wà láti 1975, ní ọ́fíìsì ní Adó-Èkìtì, wọ́n ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí iléeṣẹ́ aládàáni náà, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀. Tó bá dé kọ́ọ̀tù, ti májísíréètì ni, ẹni tí agbára ẹ̀ ò gbé lọ́yà kó bi Legal Aid Council léèrè, àwọn tí ìjọba ní kó máa bá aláìní wá lọ́yà. Àmọ́ ẹ má gbé e lọ sí tésàn. Òfin ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, ní wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán mú èèyàn, owó tẹ́ ẹ bá sì ná níbẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìnṣọ́ránsì náà, tó bá jẹ́ third party, èyí tí wọ́n sọ di 15,000 náírà ní 2023 yẹn, ti ẹni tẹ́ ẹ bá kọlù ló ń san, kò kan péńtì yín.

Ká ní wọ́n wá gbà láti tún un ṣe, iṣẹ́ ò tíì parí o. Ẹ kọ àdéhùn yẹn sílẹ̀, ibi tí wọ́n máa kùn, ẹni tó máa kùn ún, ọjọ́ tó máa parí, oṣù mélòó ni wọ́n máa fi dúró lẹ́yìn ẹ̀ tó bá bó. Kódù àwọ̀ mọ́tò yín wà lára pépà tàbí irin kékeré tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn díráfà, lára Toyota ẹ wá ibi tí wọ́n kọ C/TR sí, tèmi jẹ́ 1F7, ìyẹn sílífà. Ẹ kọ kódù yẹn sínú àdéhùn kí wọ́n má baà fojú díwọ̀n ẹ̀. Sílífà ló sì le jù, ẹ̀tù irin wẹ́wẹ́ tó wà nínú ẹ̀ máa ń tò bí ọwọ́ péńtà bá ṣe rí, kódù lè bára mu kí fẹ́ńdà ṣì dúdú ju ilẹ̀kùn lọ. Péńtà tó mọṣẹ́ á jẹ́ kí àwọ̀ náà rìn wọ ara ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀ kí ojú má rí ààlà, á wá fi kílíà bo ilẹ̀kùn yẹn látòkè délẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe tèmi nìyẹn. Bónẹ́ẹ̀tì ò gba péńtì, ẹni kan tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn bí péńtì ṣe nípọn tó ló pólíìṣì ẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn dáa o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra mọ́tò ní sítáńdì, ẹ yá a, ibi tó bá ti ń sọ 200 lọ sókè, wọ́n ti tún un kùn, ibi tó bá kọjá 500, bọ́dì fílà ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ìyẹn nǹkan bí àmọ̀ tí wọ́n fi ń dí ibi tó ti tẹ̀.

Mo tún sọ fún wọn pé fáàsìtì bọ́dì mi ti lọ, péńtì tuntun ò lè dá ìyẹn padà. Wọ́n fún mi ní sábíìsì méjì lọ́fẹ̀ẹ́, mo gbà á. Mo ní kí wọ́n má fọ mọ́tò.

Ẹ má fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí kẹ́ ẹ tó rí i nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹ wo etí rọ́bà àti gíláàsì bóyá péńtì ta sí i, ẹ fọwọ́ pa á bóyá ó rí ṣákaṣàka bí èèpo ọsàn. Tẹ́ ẹ bá ti gbà á, ẹ má fi wáàsì, ìpara tó ń mú mọ́tò dán, pa á, ẹ má sì fi tapólì bò ó mọ́lẹ̀ fún bí oṣù kan, kí tínà inú ẹ̀ rí àyè jáde.